Ìjàpá Oníkẹ́mísìtì àti Ojú Erin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Erin, ọba ẹranko ní Ìkòròdú.

Ọ̀fìnkìn ló bá Erin jà. Ọ̀fìnkìn lásán ni, ṣùgbọ́n sísín ọba kì í kéré létí ìjòyè. Wọ́n sáré ránṣẹ́ pe Ìjàpá oníkẹ́mísìtì. Ìjàpá kò yẹ ọba wò, kò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ó bu kápúsù pupa, ó bu yẹ́lò lé e. "Kábíyèsí, apakòkòrò gidi ni. Kòkòrò kan ò ní ṣẹ́kù nínú yín."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń ṣọ́dẹ nínú ikùn Erin kú tán pátá. Ẹnì kan ṣoṣo tí kápúsù kò rí gbé ṣe ni Ìwúkàrà, tí àwọn dókítà ń pè ní Candida, nítorí ìran olu ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń háyà yàrá níbẹ̀. Ọdẹ kò jẹ́ kó na ẹsẹ̀ ni. Ọdẹ kú tán, ó bí ogún, ó bí ọgbọ̀n.

Okun tán nínú Erin. Ìjàpá gbé dírípù dé, ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára, ó fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ 10, ó ń ka owó. Ojú abẹ́rẹ́ yẹn ni Ìwúkàrà fi ṣe èbúté. Ẹ̀jẹ̀ dà bí ọ̀sà: ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ìpakòdò, ó lè sọ̀ ní Báyékù, ó lè sọ̀ ní Ẹ̀jìnrìn, ó sì lè bá a dé Ẹ̀pẹ́. Ìwúkàrà wọkọ̀, ó gbé orin sẹ́nu:

Ọdẹ ti kú, mò ń relé ọba
*Wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, ọ̀sà gbé mi*
Mo dé kíndìnrín, mo pàgọ́
*Wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, ọ̀sà gbé mi*
Mo dé ẹ̀dọ̀, mo tún pàgọ́
*Wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, ọ̀sà gbé mi*
Ojú ọba ń dán, mo fẹ́ wọ̀ ọ́
*Wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, ọ̀sà gbé mi*

Ara ọba gbóná bí ààrò. Ìjàpá ní tàífọ́ọ̀dù ni, ó da kápúsù lé kápúsù. Àwọn ìjòyè ní, "Oògùn yìí mà le o!" Wọ́n fi Ìjàpá joyè.

Òwìwí, tí kì í sùn lóru, ló fò wá láti Ẹ̀pẹ́. Ó fa ẹ̀jẹ̀ Erin sínú ìgò, ó ní kí wọ́n dúró kó hù. Ìjòyè jágbe: "Ọba ń kú lọ, ìwọ ń gbin ẹ̀jẹ̀ bí àgbàdo!" Lọ́jọ́ kẹta, Ìwúkàrà hù. Òwìwí ní, "Àjọ Ìlera Àgbáyé ka olu 19 tó léwu jù lọ́dún 2022. Nínú mẹ́rin tó ṣíwájú, méjì jẹ́ ìran ẹni yìí." Ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó fún Erin ní oògùn olu, ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ti mọ́, kó tún lò ó fún ọjọ́ 14 sí i. Lẹ́yìn náà ló tanná sí ojú ọba, ó mi orí.

Erin yè, ṣùgbọ́n Ìwúkàrà ti jẹ ojú rẹ̀. Ìdí rèé tí Erin fi tóbi bí òkè, tí ojú rẹ̀ sì kéré títí dòní.

Wọ́n wọ́ Ìjàpá dé ààfin. Ó ní, "Ṣebí mo ní kòkòrò kan ò ní ṣẹ́kù? Ẹ wá a, bóyá ẹ ó rí." Wọn kò rí. Ó kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Àwọn ìjòyè Erin ló kọ́kọ́ tò síbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀fìnkìn ń ṣe àwọn.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó: pó, pó, pó!