Aṣọ Ẹbí Di Eérú

Àwo DVD ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé láti Houston. Aláwọ̀ osùn ni aṣọ ẹbí wa, àmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n mi ní Garki, eérú ni gbogbo ẹbí wọ̀, orí ìyàwó sì ń yí gbirigbiri bíi ti eégún aláré.

Ètò àwòrán NTSC ni àwo DVD Amẹ́ríkà ń lò: ìlà 525, àwòrán bíi 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. PAL ni tiwa: ìlà 625, àwòrán 25. Tẹlifíṣọ̀n mi àtijọ́ ò sì gbọ́ ju PAL lọ.

Mo bá kọrí sọ́jà lọ wá ẹ̀rọ DVD mìíràn. Ọmọ ìsọ̀ kan gbé ọ̀kan jáde: "Dádì, èyí gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ wò ó, 'All Region'!" Ọmọ náà ki àwo mi bọnú ẹ̀rọ, osùn yọ kedere. Mo sanwó, ó di ilé. Eérú.

Àṣé tẹlifíṣọ̀n ìsọ̀ rẹ̀ ló gbọ́ èdè méjèèjì! Ẹ̀rọ náà kàn ń ka àwo ni, kì í ṣe ògbufọ̀. "Region" sì rèé, ọ̀rọ̀ ẹnubodè lásán ni: Amẹ́ríkà 1, Gẹ̀ẹ́sì 2, àwa 5. Kò kan àwọ̀.

Èyí tó ń túmọ̀ wà o. Ẹ wọ "Setup" rẹ̀, ẹ yí "Auto" sí "PAL", kẹ́ ẹ sì dán an wò lórí tẹlifíṣọ̀n tiyín. Bí mo ṣe gbé tèmi oníkùn gbẹ̀ǹdù padà sọ́jà nìyẹn. Ẹni mẹ́rin ló ná an lọ́wọ́ mi kí n tó dé ìsọ̀.