Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Ẹni Tí Kì Í Ṣe Onílé

Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi kí a tó jáde. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, jákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wọ̀." Mo ní àfin là ń lọ, ta ní ń wọ jákẹ́ẹ̀tì lọ sí àfin? Mo gbé agbádá sányán sọ́rùn, mo dé fìlà, ó di Penrhyn Castle, lẹ́bàá Bangor, ní àríwá Wales.

Bí ẹ bá rí ilé náà, ẹ ó dá mi láre. Ògiri òkúta, ilé ìṣọ́ gogoro, gbogbo rẹ̀ jọ ilé ọba ayé àtijọ́. Irọ́ ni o! Ọ̀rúndún 19 ni ayàwòrán ilé kan, Thomas Hopper, ya àwòrán rẹ̀ fún ọlọ́rọ̀ kan, George Hay Dawkins-Pennant, tí kò jọba níbì kankan.

A wọlé, ìyá àgbà kan jókòó nínú gbọ̀ngàn, ó fi báàjì sáyà. Mo ní ìyá onílé nìyí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ilé o, mà!" Ìyá fò dìde, ó rò pé àìsàn ló gbé mi ṣubú, ó ń pariwo kí wọ́n gbé omi wá. Àṣé ńṣe ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa júwe ilé fún àlejò. Ilé tirẹ̀, yàrá méjì péré ni.

Ojú ń tì mí, mo wá àga lọ. Èso igi gbígbẹ ẹlẹ́gùn-ún kan wà lórí tìmùtìmù. Èmi tí wọ́n fi ìmọ́tótó tọ́ dàgbà, mo mú un jù sápò, mo jókòó. N kò mọ̀ pé ẹ̀gún yẹn gan-an ni wọ́n fi ń sọ fún àlejò pé kó má jókòó, láìlẹ ìwé kankan mọ́ àga. Ìyàwó mi kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Bẹ́ẹ̀dì kan ló wá parí ọ̀rọ̀. Síléètì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi kọ A, B, D nílé ìwé, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n ní Ọbabìnrin Victoria wá kí àwọn onílé ní 1859, ó wo bẹ́ẹ̀dì náà, ó ní sàréè ni, òun ò sùn síbẹ̀. Mo nawọ́ kí n fọwọ́ kàn án wò, apá agbádá kọ́ òpó okùn tí wọ́n fi pààlà, òpó ṣubú gbàgà! Gbogbo yàrá dákẹ́.

Ìyá àgbà yẹn náà ló fà mí kúrò níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá ń sọ ìtàn owó ilé náà fún mi. Síléètì tí wọ́n wà jáde nílẹ̀ ní ìlú Bethesda wà ńbẹ̀, ṣúgà Jàmáíkà sì wà ńbẹ̀, èyí tí àwọn ẹrú fi òógùn wọn ṣe. Nígbà tí òfin 1833 fòpin sí oko ẹrú, ìjọba san owó tó lé ní 14,000 pọ́n-ùn fún Pennant nítorí ènìyàn 764. Àwọn ènìyàn náà kò gba kọ́bọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ mi wá ń dùn mí ju orúnkún mi lọ.

Síbẹ̀, bí ẹ bá dé àríwá Wales, ẹ yà síbẹ̀, ó tó wò. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ ka báàjì rẹ̀.