Lọ́yà Tó Ti Ta Màlúù Onímàlúù Rí

Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí màmá yàrá iwájú ń sọ kiri láti àárọ̀? Lọ́yà tí wọ́n júwe fún wọn nítorí ọ̀rọ̀ àbúrò wọn tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n láwọn ò fẹ́ ẹ. Kí ni lọ́yà náà ṣe? Wọ́n láwọn gbọ́ pé tíṣà ìṣirò ni tẹ́lẹ̀, ní ilé-ìwé girama. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta gààrí kẹ́ ẹ tó máa ta léèsì, ṣé àwọn oníbàárà ń bá gààrí nínú léèsì yín ni?" Wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, n kì í dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ìdí omi ẹ̀rọ, ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dá màmá lóhùn: ọ́fíìsì lọ́yà kan wà rí ní Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà lọ́hùn-ún. Ọdún 1952 ni wọ́n ṣí i, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Chancellor House, tó dojú kọ kọ́ọ̀tù majísíréètì. Wọ́n kọ "Mandela and Tambo" gàdàgbà sára fèrèsé rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ má tíì sọ fún mi pé ẹ mọ Mandela. Mandela tó di ààrẹ lẹ mọ̀, baba onírun funfun tó ń rẹ́rìn-ín nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláràbarà. Èmi ń sọ ti èyí tó sá nílé.

Ó sá nílé ni o. Adelé-ọba tó tọ́ ọ dàgbà, Jongintaba, ti wá ìyàwó fún un, ó sì wá fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ náà, Justice. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì láwọn ò fẹ́. Owó ọkọ̀ wá ńkọ́? Wọ́n fa màlúù méjì jáde nínú agbo baba, wọ́n kó wọn tọ oníṣòwò kan lọ, wọ́n ní baba ló rán àwọn. Oníṣòwò kówó sílẹ̀. Ọdún 1941 nìyẹn. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ sí Johannesburg, ibi ìwakùsà wúrà tí wọ́n ń pè ní Crown Mines ni Mandela ti ríṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Mẹ́gáádì òru! Wọ́n fún un ní bàtà, akoto, tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti kùmọ̀ olórí róbótó, ó dúró sẹ́nu géètì, ó ń yẹ ìwé àwọn tó ń wọlé wò. Kò pẹ́ tí àṣírí tú, wọ́n lé e.

Ó ṣì kù. Bàbá tó bí i fi ìbọn ìléwọ́ kan sílẹ̀ fún un, Mandela wé e mọ́ aṣọ nínú àpótí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá a gbé àpótí náà jáde ni ẹ̀ṣọ́ bá tú u, wọ́n bá ìbọn, wọ́n mú ọ̀rẹ́. Mandela fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ọlọ́pàá, ó ní òun lòun ni ín. Ó dé iwájú adájọ́, wọ́n bu ìtanràn táṣẹ́rẹ́ lé e. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí rí, ó mọ bí itọ́ ṣe ń gbẹ lẹ́nu èèyàn níbẹ̀. Mi ò rò pé wọ́n ń kọ́ ìyẹn ní fásitì.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Sisulu ló mú un lọ bá lọ́yà òyìnbó kan, Lazar Sidelsky, tó gbà á síṣẹ́. Súùtù àlòkù Sidelsky ló wọ̀ fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, títí tí àlẹ̀mọ́ fi pọ̀ ju aṣọ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Agbádá ẹnì kan wà nínú ọgbà yìí tó ti bẹ̀rẹ̀ irú ìrìn àjò yẹn. N ò ní í dárúkọ. Òkè ni wọ́n ń gbé, àwọn la sì ń san owó ilé fún.

Ní ọ́fíìsì Sidelsky náà, wọ́n ra ife tíì tuntun méjì fún àwọn èèyàn dúdú méjì tó wà níbẹ̀, kí ẹnu wọn má baà kan ti òyìnbó. Gaur Radebe, tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju Mandela lọ, ní kó ṣáà máa wo òun. Tíì dé. Gaur wo ife tuntun, ó fojú fò ó, ó mú ògbólógbòó kan lójú gbogbo wọn, ó bu ṣúgà sí i, ó bu mílíìkì, ó ń rò ó pẹ̀lú fáàrí. Ó wá kan Mandela. Kò fẹ́ ṣẹ òyìnbó, kò fẹ́ ṣẹ Gaur. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Látìgbà náà, inú kíṣìnnì ló ti ń dá tíì tirẹ̀ mu. Ìwé náà ò tètè já gaara: ó lọ kọ́ òfin ní Fásitì Witwatersrand, kò rí oyè gbà, ìdánwò àwọn lọ́yà ló yà sí. Ọdún 1989, tó wà lẹ́wọ̀n, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba digírì òfin.

Tambo ńkọ́? Màmá yàrá iwájú, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: tíṣà ìṣirò ni! Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní St Peter's, Rosettenville. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó tilẹ̀ fẹ́ di àlùfáà. Bíṣọ́ọ̀bù ti gbà á tán kí ọlọ́pàá tó wá gbé e lóṣù Kejìlá ọdún 1956, pé ó ń dìtẹ̀ sí ìjọba. Òun ló máa ń jókòó ti fáìlì, Mandela ló máa ń lọ fa kọ́ọ̀tù ya.

Láràárọ̀, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ gba àárín èrò tó kún àtẹ̀gùn kọjá kí wọ́n tó wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àwọn èrò náà ṣẹ̀? Ẹnìkan gba ẹnu ọ̀nà òyìnbó wọlé. Ẹnìkan wọ bọ́ọ̀sì òyìnbó. Ẹnìkan ò mú páàsì, ìwé àṣẹ ìrìn tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn dúdú, dání. Ẹnìkan ṣáà wà ní títì lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́.

Ó wá ku ti pátá. Ẹ rán àwọn ọmọdé yìí níṣẹ́ ná.

Ìyá òyìnbó kan ní ọmọ ọ̀dọ̀ òun, obìnrin dúdú, jí aṣọ òun. Wọ́n to aṣọ náà sórí tábìlì ní kọ́ọ̀tù. Mandela rìn lọ síbẹ̀, ó wò wọ́n fín. Ó fi ẹnu pẹ́ńsù gbé pátá kan sókè, ó rọra yíjú sí ìyá náà níbi tó ti ń jẹ́rìí, ó ní, "Màdáámù, ṣé tiyín nìyí?" Kíá ni obìnrin náà ní rárá. Ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ pátá lójú gbogbo ayé? Adájọ́ tú ẹjọ́ ká. Ẹ lè pe ìyẹn ní ọgbọ́n òfin. Lójú tèmi, ẹni tó ti wo oníṣòwò màlúù lójú kòrókòró, tó ní "baba ló rán wa," pátá ò lè dẹ́rù bà á.

Atẹ̀wé wọn ní ọ́fíìsì náà, Ruth Mompati, tíṣà lòun náà. Ó lọ́kọ lọ́dún 1952, iṣẹ́ bọ́, torí wọn kì í gba abilékọ láyè nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ó lọ kọ́ títẹ̀wé, ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó yá, ó di aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Switzerland. Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ láwọn ìyàwó yín ò gbọdọ̀ kọ́ṣẹ́, mo ti rí yín.

Godfrey Pitje tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́yà lọ́dọ̀ wọn, olùkọ́ ní Fort Hare ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1958 ó lọ sí kọ́ọ̀tù ní Boksburg, majísíréètì ní kó lọ jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún lọ́yà dúdú. Pitje kọ̀. Wọ́n ní kó san pọ́n-ùn márùn-ún. Ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù. Lọ́dún 1960, wọ́n dá majísíréètì láre, wọ́n ní ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kan lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sídìí èkejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ṣebí kí àwọn lọ́yà òyìnbó dìde, kí wọ́n wá jókòó sí ti Pitje nígbà náà.