Oríkì Síkútà Oníná, Ọ̀rẹ́ Dókítà Eegun

Ẹ yàgò fún ọlọ́lá!
Síkútà oníná, àdúrógùn, kẹ̀kẹ́ tí kò ní àga,
a-sáré-má-dún, a-kọluni-má-kígbe.
Bọ́ọ̀sì ń bọ̀, etí la fi gbọ́;
alùpùpù ń bọ̀, etí la fi gbọ́;
ìwọ ń bọ̀, ojúgun la fi mọ̀.

Ọmọ Santa Monica ní Califọ́níà,
níbi tí wọ́n ti tú ọ sí títì fún háyà lọ́dún 2017.
Lọ́dún 2018 o wọ Paris,
lọ́dún 2021 o wọ London tìlù tìfọn.
Fóònù la fi ń jí ọ lójú oorun;
owó pọ́ọ́kú la fi ń gùn ọ́,
owó gọbọi la fi ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí ń gbé géńdé rù!
Táyà rẹ kò ju àwo ọbẹ̀ lọ.
Kòtò tí kẹ̀kẹ́ gidi máa gbà kọjá láìbìkítà,
ìwọ a yà kí i, wà á kúnlẹ̀ fún un.
Táyà iwájú á dúró, ẹni orí rẹ á máa lọ.
Yóò na ọwọ́ kó fi gba ilẹ̀ mú, ọrùn ọwọ́ á dá;
bí ọwọ́ bá pẹ́ẹ́ dé, àgbọ̀n àti eyín á ṣojú rẹ̀.
O sọ ọkùnrin gìrìwò di onídọ̀bálẹ̀
láìrí ọba, láìjẹ́ ọjọ́ ìdána.

Àwọn dókítà yunifásítì UCLA ní Los Angeles jókòó, wọ́n ka ẹ̀bùn rẹ.
Láàárín ọdún kan, láti oṣù Kẹsàn-án 2017,
èèyàn 249 lo fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn méjì péré.
Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, orí ni wọ́n fi ṣèṣe;
nǹkan bí ìdá 32, eegun wọn ló dá.
Nínú 228 tó gùn ọ́, àwọn 10 péré la rí kà pé wọ́n dé akoto.
Àwọn 21 tó kù kò gùn ọ́ rárá!
Ọ̀làwọ́ tí í fún ẹni tí kò tọrọ!
O kọlu àwọn kan;
àwọn kan sì kọsẹ̀ lára rẹ níbi tí o sùn gbalaja sí lọ́nà ẹlẹ́sẹ̀.
Oníjàgídíjàgan yòókù gbọ́dọ̀ jí kí wọ́n tó ṣeni léṣe;
ìwọ sùn, iṣẹ́ ò dúró.
Ìyá arúgbó mọ̀ ọ́, afọ́jú tó fọ̀pá tọ́nà mọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ ọ̀mùtí òru Sátidé!
Ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ méjì dúró lórí ilẹ̀,
orí rẹ ló tún wá ń dúró sí.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2023, Paris dìbò nítorí rẹ.
Olóṣèlú wo ló ń gba ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò láìṣe èrú?
Ìwọ gbà á: wọ́n ní kí àwọn tí wọ́n fi ń ṣe háyà máa lọ.
Kí oṣù Kẹsàn-án tó wọlé, wọ́n ti palẹ̀ wọn mọ́.
Ní London, òfin ní ẹni tó fowó ara rẹ̀ rà ọ́
kò gbọdọ̀ gùn ọ́ ní títì, kò gbọdọ̀ gùn ọ́ lọ́nà ẹlẹ́sẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àdúgbò Peckham níbẹ̀, níwájú àwọn ìsọ̀ tí wọ́n to iṣu sí:
ọ̀dọ́ méjì lórí ẹyọ kan, gbohùngbohùn ti di etí àwọn méjèèjì,
èyí tó wà lẹ́yìn gbá ìkejì mú nídìí, wọ́n gba àárín èrò kọjá fìrì.

Akéwì kì í kéwì lófìfo. Ẹni tó ki ọlọ́lá ń retí ẹ̀bùn.
Ṣùgbọ́n tìrẹ yìí, mo dá a padà.
Eyín mi pé, ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì ṣì ń yí.
Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má gùn ọ́, kó dé akoto,
kó má gbé ẹnì kejì, kó fọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀.
Bó bá sì jẹ́ dandan kí o ta mí lọ́rẹ,
fún mi lówó bọ́ọ̀sì.