Mùfútì Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹ dé kílíníìkì àwọn alátọ̀gbẹ ní Ìlọrin kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ ó bá a níbẹ̀. Bó ti wù kí ẹ tètè jí tó, ó ti ṣáájú yín dé. Bẹ́ǹṣì iwájú ni tirẹ̀, níbi tó ti lè máa wo ẹnu ọ̀nà àti ojú gbogbo ẹni tó ń wọlé. Fìlà rẹ̀ funfun báláú, jálàbíà rẹ̀ kò rún rárá. Ó gbé náílọ́ọ̀nù dúdú kan lé itan: káàdì ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, maṣíìnì kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà wà níbẹ̀, àti ìwé onílà kan tó fi nọ́ńbà kún láti èèpo dé èèpo. Kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Àwa náà kò tíì jẹun, torí inú òfìfo ni wọ́n fẹ́ ká wà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ kò sì sígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ń dùn lẹ́nu èèyàn tó ìgbà tí ebi bá ń pa á.

"Kí lẹ jẹ sùn lánàá?"

Bó ṣe ń kí èèyàn nìyẹn. Tí ẹ bá dáhùn pé àmàlà, á mi orí. Tí ẹ bá fi kún un pé ẹran méjì, á di ojú, á sì sọ pé, "Innálíláhì," bí ìgbà tí wọ́n wá túfọ̀ fún un.

Mùfútì ni mo sọ ọ́. Ìlú àwọn àáfà ni Ìlọrin, ọ̀ràn ńlá kan kì í sì í wáyé láìsí ẹni tó máa là á pé èyí tọ́, èyí kò tọ́. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo o. Mo ti bá a pàdé gẹ́gẹ́ bíi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mo ti bá a pàdé gẹ́gẹ́ bí ìyá tó ń ta aṣọ òkè, mo ti bá a pàdé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá báńkì. Èmi alára ṣe é fún bí oṣù méjì, nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ṣúgà mi lórí ebi ti kọjá 126, ìyẹn ojú ààlà tí dókítà fi ń pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ. Ìyàwó mi ló já láwàní náà lórí mi. Ó ní tí mo bá tún bi òun léèrè bí epo tó wà nínú ọbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, èmi ni n óò máa se ọbẹ̀.

Mùfútì tí mò ń sọ yìí kórìíra ẹran. Màlúù, ewúrẹ́, àgbò, haráàmù ni gbogbo wọn lójú rẹ̀, ẹran ló sì gbà pé ó fa àtọ̀gbẹ wọ ilé ayé. Adìẹ jẹ́ mákúrúù. Ẹja lẹ lè jẹ. Ìyá Oníwàrà, tó ń jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì, kì í jẹ́ kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá lásán.

"Alhaji, pọ̀nmọ́ ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Awọ ni pọ̀nmọ́. Kì í ṣe ẹran."

"Ṣàkì ńkọ́?"

"Ẹran ni ṣàkì."

"Ṣé kì í ṣe màlúù kan náà ni?"

"Alhaja, ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ wulẹ̀ ń wá ọ̀nà ni."

"Wàrà ńkọ́, Alhaji?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì dákẹ́ lọ́ nígbà tí ìyá béèrè ìyẹn. Ẹni tó bá bu ẹnu àtẹ́ lu wàrà ní Ìlọrin, kó ti máa wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mùfútì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wú ikọ́, ó tún fìlà ṣe, ó ní wàrà tí wọn kò bá dín kò ní láìfí. A mí kanlẹ̀.

Ní ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì la ti máa ń rí ọ̀tá rẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́ran, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù nígbà kan. Ọmọ rẹ̀ kan tó wà ní Houston ló fi ọ̀nà tirẹ̀ hàn án. Ẹran kò ní ṣúgà nínú, nítorí náà ẹran ni kí alátọ̀gbẹ jẹ láàárọ̀, kó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kó tún jẹ ẹ́ lálẹ́. Ó ní òkèlè ló ń pa wá. Ó ní láti ìgbà tí òun ti fi àmàlà sílẹ̀, kì í rẹ òun mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ sí ọjà Ìpàtà, àwọn alápatà sì mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ń pè é ní ọ̀gá wọn. Ohun tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, àpamọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́.

Bàbá Ẹlẹ́ran rò pé láàárọ̀ àná ni wọ́n dá ìjọ tòun sílẹ̀ ní Houston. Kò mọ̀ pé ó ti lé ní 200 ọdún. Ní 1797, kí Ṣéù Àlímì tó fìdí kalẹ̀ sí Ìlọrin rárá, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Rollo ti ń fi ẹran tọ́jú ọ̀gágun kan tó ní àtọ̀gbẹ. Ìtọ̀ ọ̀gágun náà dín kù, Rollo sì fi ìwé pe gbogbo ayé wò ó. Ìjọ Mùfútì náà ní àwọn ẹlẹ́rìí tirẹ̀: ní 2006, Neal Barnard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde jáde pé àwọn alátọ̀gbẹ tí kò fẹnu kan ẹran, ẹyin tàbí wàrà, tí wọ́n dín ọ̀rá kù, rí i pé ṣúgà wọn wálẹ̀. Tọ̀túntòsì ló ní ohun tó dì mú. Ẹran kì í gbé ṣúgà sókè bí òkèlè ṣe ń gbé e, òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ni pé àwọn tó ń jẹ ẹran pupa púpọ̀ wà lára àwọn tí àtọ̀gbẹ máa ń mú jù, àti pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣe wọ́ọ́wọ́ọ́ kò gbọdọ̀ sọ ẹran di oúnjẹ òòjọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ní 2019, American Diabetes Association sọ ọ́ gbangba pé kò sí ètò oúnjẹ kan tó bá gbogbo alátọ̀gbẹ mu. Mo kà á fún Mùfútì. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà kò mọ gbẹ̀gìrì.

Ohun tí n kò tíì ní ìgboyà láti sọ fún un ni ti insulin. Ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ni wọ́n kọ́kọ́ gún ní abẹ́rẹ́ náà ní Toronto ní oṣù kìíní 1922, ara màlúù sì ni wọ́n ti mú oògùn ọ̀hún. Láti ìgbà náà títí di 1982 tí oríṣi tuntun dé ọjà, inú màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni insulin ti ń wá. Ẹran tí Mùfútì ń gégùn-ún fún ló gbé àwọn alátọ̀gbẹ ayé ró fún 60 ọdún. Ti ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, n kò ní sọ fún un títí ayé, torí a ò ní kúrò níbẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e délé. Wọ́n sọ fún un nígbà kan pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú dára fún ẹni tó ní ṣúgà. Láti ọjọ́ náà, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jẹ, ìyàwó rẹ̀ sì ń rò ó bí ẹni tó ń mọ ilé. Abọ́ yẹn ga débi pé ẹni tó bá jókòó sí òdìkejì kò lè rí i, àfi fìlà rẹ̀. Àlìkámà náà ńkọ́? Òkè ni. Ẹ̀wà? Ìkòkò kan. Gbogbo èyí, "ti alátọ̀gbẹ ni," nítorí náà kì í kà á. Lórí òkè àmàlà náà ni ẹran kan ṣoṣo jókòó sí, kò ju páálí ìṣáná lọ, wọ́n fi bá a lọ nítorí àlejò. Tí maṣíìnì bá wá fọhùn lọ́jọ́ kejì pé 240, ẹran yẹn ni wọ́n máa mú. Òkè àmàlà á jókòó bí ẹlẹ́rìí.

Ní wólímà, tí wọ́n bá gbé abọ́ dé, á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo tábìlì lè rí i. "Ẹ bá mi yọ ẹran kúrò." Ọmọ tó ń pín oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. "Ẹ má sọ ọ́ nù ṣá. Ẹ wé e fún àwọn ọmọ." Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbéyàwó tán, Àbújá ni èyí tó kéré jù nínú wọn ń gbé.

Iléyá ló máa ń dán an wò jù. Ó máa ń ṣe wáàsí fún wa lórí ìdá mẹ́ta ikùn: ti oúnjẹ, ti omi, ti èémí. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Àmọ́ tí wọ́n bá dúńbú àgbò tán, ìdá mẹ́ta ẹran ló máa ń rántí: ti ilé, ti ẹbí, ti tálákà. Ti ilé sì ni, òun ni baálé. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la kò fi rí i ní kílíníìkì. Nígbà tó dé, ó ní òtútù ló mú òun. Ìyá Oníwàrà ní òtútù Iléyá yìí máa ń sanra.

Ohun kan wà tí Mùfútì kì í dá ẹjọ́ rẹ̀. Oògùn. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kéde ní 2023 pé àwọn ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, tí náírà sì já wálẹ̀, iye tí a fi ń ra oògùn kò ṣeé gbọ́ sétí. Àwọn kan nínú wa ń ṣẹ́ hóró sí méjì, àwọn kan ń lò ó ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan. Mo mọ̀, torí tí nọ́ọ̀sì bá béèrè ẹni tí oògùn rẹ̀ tán, bẹ́ǹṣì tó ti ń pariwo nítorí ṣàkì á dákẹ́ bí ilé òkú, kálukú á máa wo bàtà rẹ̀. Mùfútì náà á máa wo tirẹ̀. Mo wá rò pé bóyá ìdí nìyẹn tí ẹran fi dùn ún bá jà. Ẹran ṣeé bá jà. Bẹ́ǹṣì náà ń gùn sí i: ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínkúgbé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997 rí àtọ̀gbẹ lára 2.2% nínú àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà; èyí tí àwọn mìíràn kó jọ ní 2018 jẹ́ 5.77%. Ọmọ ìjọ kò ní wọ́n Mùfútì.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Bàbá Ẹlẹ́ran kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dìde.

"Alhaji, ẹ jẹ́ ká fi maṣíìnì ṣe é. Èló ni tiyín láàárọ̀ yìí?"

Mùfútì ṣí ìwé onílà, ó fi ìka tọ́ ọ. "117. Láìjẹ ẹran. Àlùhámúdùlíláhì."

Bàbá Ẹlẹ́ran rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yọ maṣíìnì tí ọmọ rẹ̀ rà fún un nígbà tó gba Lọ́ńdọ̀nù wá kí i. "6.5. Ẹran nìkan."

Ariwo sọ. Mẹ́fà àti ààbọ̀! Ìyá Oníwàrà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń béèrè irú ẹran tó ń rà. Ọkùnrin kan ní ilé lòún ń lọ tààrà láti lọ da àlìkámà nù. Mùfútì wo ìwé rẹ̀, ó wò ó títí, bí ẹni tó rò pé 117 á tún ara rẹ̀ ṣe tí wọ́n bá tẹjú mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má pariwo. Nọ́ńbà kan náà lẹ ní. Maṣíìnì ti Bàbá ń ka ti àwọn Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹ fi 18 sọ 6.5 di púpọ̀."

Mùfútì tó jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀ ṣe ìṣirò náà lẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó na ìwé sí Bàbá Ẹlẹ́ran láìsọ̀rọ̀, Bàbá Ẹlẹ́ran wò ó, ó jókòó. A kò gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọbìnrin kan ní ìparí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, orí abẹ́rẹ́ insulin ló wà láti kékeré. Ó ti gún un láàárọ̀, kò sì jẹun, ìlà sì gùn. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ ti yí, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Àwọn kan ń pe nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń ka Àyátúlíkúsíyù. Mùfútì ṣí fìlà rẹ̀. Nínú ìṣẹ́po fìlà náà ló ti yọ bébà kékeré kan, ó tú u: ṣúgà oníhóró mẹ́rin, funfun, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn pé. Ó pò ó sínú omi Bàbá Ẹlẹ́ran, Bàbá Ẹlẹ́ran gbé orí ọmọ náà sókè, Mùfútì rọra ń fún un mu, díẹ̀díẹ̀, ó ń pè é ní ọmọ mi, ọmọ mi.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ọmọ náà ti ń mọ ibi tó wà. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Mùfútì dé fìlà rẹ̀ padà. Ó dúró kí ọmọ náà nu ojú tán, ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, kí lo jẹ sùn lánàá?"

"Ẹran ńkọ́?" ni Bàbá Ẹlẹ́ran fi kún un láti ẹ̀yìn.