Ọ̀gbẹ́ni Tàálókèèrè

Bí àlejò bá gba ọ̀nà Ìdó wọ Èrúwà, tí ó ti kọjá odò Ògùn, tí ó sì bi ẹni àkọ́kọ́ tí ó pàdé léèrè ibi tí ó ti lè rí firísà àlòkù tí ó dára rà, onítọ̀hún lè júwe ọjà fún un, ó lè júwe ilé àwọn tí ń tún firísà ṣe, ó sì lè gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kúkú padà sí Ìbàdàn tí ó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Èrúwà kan tí yóò mú un lọ sí ilé Ọ̀gbẹ́ni Tàálókèèrè, àfi bí àlejò náà bá ti ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wà ní Kánò, tàbí ní Kàdúná, tàbí ní Àbújá, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé firísà ni òun ń wá, Tàálókèèrè ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, tí yóò bèèrè àlàáfíà ilé, tí yóò sì gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí kò fojú kàn rí.

Ẹ má ṣe rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi orúkọ yìí pè. Nínú ìlú méjèèje tí à ń pè ní Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Láńlátẹ̀, irú rẹ̀ kò wọ́n. Èyí tí ó wà láàárín wa ní Èrúwà ni mo mọ̀ jù, òun náà ni n ó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni bí ogójì ọdún ni, ó sanra níwọ̀n, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, fóònù méjì kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ẹni tí ó fẹ́ rajà, èkejì fún ẹni tí ó ti rà. Èkejì yìí kì í sábà dún, nítorí pípa ni ó máa ń pa á. Bí onírárà bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, báyìí ni ìbá kì í: Tàálókèèrè, ọmọ afẹ̀yìn-firísà-ti-ògiri, kí ojú àlejò má bàa kan ìpẹtà, ọmọ adúró-síbi-oòrùn-ti-yọ-ya-àwòrán, kí ìmọ́lẹ̀ lè bo àpá, ọmọ ó-kù-díẹ̀-kí-ó-jẹ́-tuntun, aláìníṣọ́ọ̀bù tí ọjà rẹ̀ kárí ilẹ̀ Nàìjíríà.

Títa ọjà fún ẹni tí kò rí i kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, àwọn tíṣà àti àwọn akọ̀wé wa a máa yan bàtà àti aṣọ nínú ìwé àwòrán tí àwọn oníṣòwò ìlú Òyìnbó fi ránṣẹ́ sí wọn, wọn a fi owó sínú lẹ́tà ránṣẹ́, ọjà a sì bá wọn ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí bàtà náà bá há jù, àbúrò ẹni yóò wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Firísà tí kò ṣiṣẹ́ kò ní àbúrò tí yóò wọ̀ ọ́. Bí ó bá ti wọlé tán, tí ó dí ọ̀nà yàrá, tí ó gba àyè ibùsùn, olówó rẹ̀ yóò máa fẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò sì máa rántí iye tí ó ná an.

Orí OLX, ilé ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni Tàálókèèrè ti kọ́ṣẹ́, kí Jiji, ilé ọjà mìíràn bẹ́ẹ̀, tó ra ti Nàìjíríà ní ọdún 2019. Ó bá wọn kọjá sí ilé tuntun, ó na ẹ̀ka dé orí Facebook, ó sì sọ WhatsApp di ìyẹ̀wù tí ó ti ń bá oníbàárà sọ ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ibi tí ó ti ń kó ọjà kò jìnnà sí i: ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Adéṣeun Ògúndóyìn tí ó parí ẹ̀kọ́ tí kò sì rí owó ọkọ̀ kó ẹrù relé, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ olóògbé tí ogún kò dọ́gba láàárín wọn, àti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń jàpá láti Ìbàdàn, tí físà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń lu gbogbo ohun tí kò lè wọ inú báàgì ní gbàǹjo. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ó fi ń kó wọn. Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Tiwa yìí ń sọ òkùtà di ọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, firísà ńlá kan tí ọkùnrin mẹ́rin gbé wọlé wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Igun rẹ̀ òsì ti wọnú, ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí ó wà lẹ́yìn, rọ́bà ẹnu ìdérí rẹ̀ sì ti já, ó ń ṣe jálajàla. Ìyàwó rẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Òun fúnra rẹ̀ yí igun òsì sí ara ògiri, ó gbé àpótí dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ki rọ́bà náà bọ abẹ́ ìdérí, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó sì yọwọ́ wéré kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa wọ inú àwòrán. Lẹ́yìn èyí ó rán ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń ta ohun mímu ní iwájú ilé, pé kí ó ra omi ọlọ́ràá méjì tí ó ti dì gbagidi wá. Ó tò wọ́n sínú firísà náà, èyí tí wáyà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tí iná kò tí ì kàn láti ọjọ́ tí ó ti dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ya àwòrán yìnyín. Nígbà tí ó ṣe tán, ó mu ọ̀kan nínú omi náà, nítorí oòrùn mú.

Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní òpùrọ́, ó ṣẹ̀ ẹ́. Tàálókèèrè kì í purọ́. Ó kàn mọ ìbéèrè tí kò yẹ kí ènìyàn dáhùn ni. Ìyá kan tí ń ta ẹja dídì ní Kàdúná ni ó kọ́kọ́ pè é lórí firísà yìí.

‘Ẹ jọ̀wọ́, bọ̀dá, ṣé firísà yín yìí ń dì?’

‘Ẹ kú ọjà o, màmá wa. Ilé olówó ni ó ti wá.’

‘Mo ní, ṣé ó ń dì?’

‘Màmá, ṣé ẹ rí yìnyín nínú àwòrán?’

‘Mo rí i.’

‘Ẹ ṣeun. Ẹnì kan ti fẹ́ sanwó láti Àbújá láàárọ̀ yìí, mo ní kí ó ṣe sùúrù ná, nítorí ohùn yín jọ ohùn ìyá mi.’

Ìyá ẹlẹ́ja dákẹ́ díẹ̀, ó sì bèèrè pé, ‘Èló ni jálẹ̀?’ Nígbà tí ìbéèrè yìí bá ti jáde lẹ́nu oníbàárà, ìdúnàádúrà ti tán. Ìyókù di ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì.

Àṣírí iṣẹ́ náà nìyí: firísà ni Tàálókèèrè ń patẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ó ń tà. Àwọn baba wa ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Bẹ́ẹ̀ náà ni firísà ní àbùkù, ọ̀nà ló jìn. Ẹ wo ìrìn àjò rẹ̀. Wọn yóò dì í mọ́ orí bọ́ọ̀sì ní Èrúwà, yóò di Ìbàdàn. Àgbérò yóò gba tirẹ̀, àwọn tí ó gbé e sọ̀ yóò gba tiwọn. Ọkọ̀ mìíràn yóò gbà á, yóò forí lé òkè ọya, àwọn arìnrìn-àjò yóò sì kó ẹrù tiwọn lé e láyà. Ẹni tí ó mọ̀ nípa firísà yóò kìlọ̀ pé ìdúró ni kí a gbé e, nítorí bí ó bá dùbúlẹ̀, òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò ṣàn wọ inú páìpù. Bí ó bá sì ti dùbúlẹ̀ ní ọ̀nà, kí a gbé e nàró fún wákàtí púpọ̀ kí a tó fi iná kàn án. Tàálókèèrè mọ èyí dájú, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí kò fi jẹ́ sọ ọ́ fún awakọ̀ kankan. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja bá pè láti Kàdúná pé òun fi iná sí firísà, ó sì ń kérora láìdì, ẹ̀bi ti bá ẹlòmíràn. ‘Háà, màmá! Wọ́n gbé e dùbúlẹ̀ ni? Àwọn awakọ̀ yìí kò ní pa wá. Nígbà tí ó kúrò lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin náà rí yìnyín.’

Òfin wà fún irú ọ̀ràn yìí. Òfin ọdún 2018 tí ó gbé FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀ ló fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà fún ẹni tí ó tà á. Tàálókèèrè kò bá òfin jà. Bí ẹ bá kà á sí i létí, yóò ní kí ẹ máa gbé firísà náà bọ̀, ẹsẹ̀ kẹsẹ̀ ni òun yóò dá owó yín padà. Ó mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó àgbérò láti Kàdúná sí Èrúwà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó firísà náà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí ó bo àbùkù mọ́lẹ̀ nígbà tí ọjà ń lọ, òun náà ni yóò dá ẹjọ́ nígbà tí ọjà bá fẹ́ bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi gbogbo ìdá bẹ́ ọrùn ẹnì kan. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí ohun gbogbo sì gbówó lórí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí àlòkù wà ni ó ń wá àlòkù kiri lóru. Òṣì kọ́ ni àbùkù wọn. Àbùkù wọn ni pé wọ́n fẹ́ ra firísà ní iye owó fáànù, wọ́n sì fẹ́ kí ó lo ogún ọdún. Àwọn náà mọ bí a ti ń fi ọ̀nà jíjìn ṣe ara wọn lóore. Ọ̀kan yóò ní òun ti sanwó, yóò sì ya àwòrán ìwé ẹ̀rí tí báńkì kan kò kọ. Òmíràn yóò ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀, òun yóò san án bí ó bá dé, yóò sì pa fóònù rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wọ gáréèjì. Nígbà tí Tàálókèèrè bá pàdé irú wọn, orí rẹ̀ a wú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé òtítọ́ ti tán láyé.

Kò sí ìtìjú nínú àlòkù. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní èbúté Èkó fi hàn pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 ohun èlò oníná àlòkù ni ó wọ orílẹ̀-èdè wa lọ́dún ní 2015 àti 2016, inú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n sì há ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Nínú Èrúwà yìí kan náà, olóògbé Dókítà Awójọbí, ẹni tí ó dá ilé ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1986, fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn po fún àyẹ̀wò, àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń wá wò ó. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Ohun ògbólógbòó tí a gbé síbi tí ojú ti lè tó o kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni Tàálókèèrè ń sá fún. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ń ta yìnyín ní Abẹ́òkúta rí firísà rẹ̀ kan lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sanwó, kò sì pè. Ó mú ẹni tí ń tún firísà ṣe lẹ́yìn, wọ́n gba Igbó-Ọrà wọ Èrúwà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ilé ọkùnrin náà. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn, onítọ̀hún ti gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí oko; ìyàwó rẹ̀ sọ fún wọn pé ó ti rìnrìn-àjò, àti pé firísà náà ti di ti ẹni tí ó wà ní Kánò. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ìbéèrè kan kún ìkíni rẹ̀: ‘Níbo lẹ ti ń pè wá, màmá wa?’ Bí oníbàárà bá ní Ṣókótó ni, ọjà a dínwó lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ní Ìbàdàn ni, owó a gòkè. Bí ó bá ní Láńlátẹ̀ ni, ọjà ti tán.

Ní oṣù tí ó kọjá, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ máa ta ohun mímu tútù, ó sì di dandan kí wọ́n ní firísà kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Tàálókèèrè dìde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó sì mú oníṣẹ́ firísà dání. Oníṣẹ́ náà ni ó ròyìn fún mi pé, nígbà tí ẹni tí ń tà á fẹ́ fi àwòrán hàn án, ó ní kí ó gbé fóònù rẹ̀ sápò. Pé ó yí ẹ̀yìn firísà síta, ó kúnlẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi èékánná ha ọ̀dà rẹ̀, ó fa rọ́bà ìdérí rẹ̀ wò. Pé ó ní kí wọ́n fi iná sí i, ó gbé àga síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí omi tí ó gbé sínú rẹ̀ fi dì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e dùbúlẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú nínàró títí wọ́n fi dé Èrúwà.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kúkú rà á lórí fóònù, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà tirẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó wò mí tàánú-tàánú, bí ẹni tí ń wo ọmọ tí kò gbọ́n, ó sì wí pé, ‘Ẹ̀yin náà, sà. Ṣé irú àwọn tí ń tajà lórí fóònù wọ̀nyí ni èèyàn máa fi owó ránṣẹ́ sí láìrí ọjà?’