Owó Ìdágbére Káńsílọ̀

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2002, tí wọ́n tún ṣe ní 2008, sọ pé bí olóṣèlú bá parí sáà rẹ̀, kó gba ìlọ́po mẹ́ta owó ìpìlẹ̀ ọdún kan lọ sílé. Káńsílọ̀ náà wà nínú ẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n dìbò káńsù ní oṣù keje 2021, wọ́n tún dì í ní oṣù kọkànlá 2024, torí ọdún mẹ́ta ni sáà wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó ṣojú wọ́ọ̀dù kan ní Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ gba owó ìpìlẹ̀ ọdún mẹ́ta nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó sì tún yẹ kó gba ti ọdún mẹ́ta mìíràn nítorí pé ó ti ṣíwọ́. Àfi bíi pé èèyàn méjì ló jókòó sórí àga kan náà, tí ẹyọ kan nínú wọn kò hàn sí wa.

Wọ́n á ní ẹni tó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ wá sin ìlú kò gbọdọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Òótọ́ ni, ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó iṣẹ́, kó gbà á pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ta ló fi túláàsì mú wọn? Ṣebí pósítà wọn ló bo ògiri wa, tí wọ́n ń bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́ ká jẹ́ káwọn sìn wá. Tó bá sì jẹ́ gbèsè iṣẹ́ àtijọ́ la fẹ́ san, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbé fáìlì sábẹ́ apá, ti ń tò de owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tipẹ́. Òun ò tiẹ̀ béèrè ìlọ́po mẹ́ta, ẹyọ kan péré ló ń wá. Àwọn káńsílọ̀ á ní àwọn náà kì í tètè rí tàwọn gbà. Ó dáa, ẹ̀yìn tíṣà ni ìlà parí sí.